Tó o bá fẹ́ kí oògùn ọpọlọ yé ẹ, ẹnu bodè ni kó o ti bẹ̀rẹ̀

Nígbà témi bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì oògùn ọpọlọ yìí, orúkọ oògùn ni mo kọ́kọ́ ń há sórí bí ẹni ń ké oríkì, diazepam, phenytoin, haloperidol, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì gbogbo ẹ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn, mo dé ibi ìdánwò orí mi ṣófo gbáú. Torí náà fi orúkọ sílẹ̀ ná. Ìbéèrè tó o máa kọ́kọ́ bi oògùn kọ̀ọ̀kan ni pé, ìwọ, báwo lo ṣe wọlé?

Ilé tá à ń sọ ni ọpọlọ àti okùn iṣan tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sísàlẹ̀, àwọn méjèèjì yẹn ni wọ́n ń pè ní CNS (central nervous system), kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ilé yìí ní oníbodè. Ní 1885, Paul Ehrlich ní Jámánì fa aró sínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko, gbogbo ẹ̀yà ara mu aró, ọpọlọ nìkan ni kò mu ún, òun rò pé ọpọlọ ò kàn gba aró ni. Ní 1913 Edwin Goldmann wá yí i po, inú omi tó yí ọpọlọ ká ló fi aró tiẹ̀ sí, ọpọlọ mu aró o, ìyókù ara ò mu ún. Ó já sí pé nǹkan kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín ọpọlọ ni, wọ́n lẹ̀ mọ́ra pinpin, kò sí àlàfo tí nǹkan lè yọ́ gbà bíi ti ibòmíì nínú ara.

Ta ló wá ń kọjá? Oògùn tó kéré, bíi 400 sí 500 dalton sísàlẹ̀ (dalton ni wọ́n fi ń wọn bí mólékù ṣe wúwo tó), tó sì ń yòrò nínú ọ̀rá, ìyẹn máa ń rọra wọlé. Àwọn míì ní láti wọ ọkọ̀, ìyẹn purotéènì tó ń gbé nǹkan sọdá ẹnubodè. Àwọn míì sì wà tí wọ́n á wọlé tán tí wọ́n á tún lé wọn jáde, torí pọ́ǹpù kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ P-glycoprotein. Wo loperamide tí wọ́n fi ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, ìdílé kan náà lòun àti morphine, oògùn ìrora líle yẹn o, àmọ́ ní ìwọ̀n tó yẹ kì í kun èèyàn lóorun, pọ́ǹpù yẹn ni ò jẹ́ kó ráyè dúró nínú ọpọlọ.

Ó yá, mú bébà, fa ìlà kan sáàárín ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ọpọlọ lọ́wọ́ ọ̀tún. Àìsàn Parkinson, èyí tó ń mú kí ara máa gbọ̀n kó sì le, la fẹ́ yà. Dopamine, kẹ́míkà kan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ló ń tán nínú ọpọlọ aláìsàn, ṣé ká kúkú fún un ní dopamine? Rárá, kò lè sọdá. Levodopa ni wọ́n ń fún un, torí ìyẹn lè wọ ọkọ̀ tó ń gbé amino acid (àwọn ègé tí purotéènì máa ń fọ́ sí), tó bá wọlé tán ló máa di dopamine. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ́ńsáìmù tó wà níta á ti sọ èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ di dopamine lójú ọ̀nà, èébì á máa gbé aláìsàn. Wọ́n wá fi carbidopa kún un láti dí ẹ́ńsáìmù yẹn lọ́wọ́, òun alára ò sì lè sọdá, ìyẹn gan-an la fẹ́, ìta ni kó jókòó sí! (Ibí yìí ni kọ́ọ̀sì náà ti kọ́kọ́ dùn mọ́ mi.) Oúnjẹ tí purotéènì ẹ̀ pọ̀ sì máa ń bá levodopa du ọkọ̀ kan náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí àwọn kan lò ó ṣáájú oúnjẹ.

Ìgbà tó bá wọlé tán lo tó máa bi í pé kí ló wá ṣe. Kẹ́míkà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ ni glutamate àti GABA: glutamate ló ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sáré, GABA ni bírékì. Diazepam, oògùn tó ń fini lọ́kàn balẹ̀, kì í tẹ bírékì fúnra ẹ̀, ṣe ló ń jẹ́ kí títẹ̀ GABA túbọ̀ mú. Phenobarbital, oògùn wárápá, lè tẹ̀ ẹ́ láìsí GABA rárá tó bá ti pọ̀ jù, ìyẹn ló fi léwu jù. Má sì fi ọtí lé èyíkéyìí nínú wọn, èémí lè dá.

Tí ẹnubodè bá le jù, wọ́n lè gba ẹ̀yìn wọlé, kí wọ́n gún oògùn sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún baclofen, oògùn tó ń dẹ ẹran ara tó le gan. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo oògùn ló ń gba ibẹ̀ o: vincristine tí wọ́n ń fa sínú iṣan fún jẹjẹrẹ, tó bá ṣèèṣì gba ọ̀pá ẹ̀yìn, ikú ló sábà máa ń já sí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: diphenhydramine àti fexofenadine, oògùn ara yíyún ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan ń kunni lóorun, ìkejì kì í fi bẹ́ẹ̀ kunni. Ya bébà ẹ, kó o sọ ìdí.