Eré Tí Ń Kọ́ Ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé àti Oko ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀gbọ́n àti alágbàtọ́ tí ọmọ yín ń ka Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ ń wúwo bí a bá ní kó sọ ọ́, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Ẹni tí kò kàwé púpọ̀ náà lè lò ó, nítorí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ la ó fi ṣeré. Kíké ABC fún àlejò kò sí lára rẹ̀. Ìyẹn kò tíì di Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ìdí gàrí

Ibẹ̀ ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀, torí pé iṣẹ́ gàrí ń lọ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, bí ẹnu bá sì ti ń sọ ọ́ ni ọwọ́ ń ṣe é. Kí ẹnì kan máa pàṣẹ, kí àwọn yòókù máa fi ọwọ́ ṣàpẹẹrẹ: “Peel!” fún bíbẹ ẹ̀gẹ́, “Wash!”, “Grate!”, “Press!” bí wọ́n bá ń ká a sábẹ́ jáàkì, “Sieve!” fún sísẹ́, “Fry!” fún yíyan. Ẹni tó bá ṣe òmíràn, ó jáde nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí ẹ̀rọ àti iná o. A kì í ṣeré níbi tí ọ̀bẹ bá ti mú.

Tó bá di alẹ́, kí kálukú ròyìn ohun tó ṣe: “I peeled”, “I washed”. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àná, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi ń sọ pé “I wash it yesterday”. Bí ẹnì kan bá gbàgbé ìparí ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó tún un sọ. Ẹ má nà án. Ọmọ tí a nà nítorí Gẹ̀ẹ́sì á kàn panu mọ́ ni.

Ẹni tó ń ta obì lè di mélòó kan sọ́wọ́, kó bi wọ́n pé “How many kolanuts?” Ẹ máa tẹ́tí sí s tó wà ní ìparí rẹ̀, òun ni wọ́n máa ń jẹ mọ́nu jù.

Fọ́tò ọdún

Ẹ kó fọ́tò Ojúde Ọba jáde. Kí ọmọ kan yan ẹnì kan nínú fọ́tò láì dárúkọ rẹ̀, kó máa ṣàpèjúwe rẹ̀ títí àwọn yòókù á fi mọ̀ ọ́n: “He is riding a horse.” “She is wearing a green gele.” Ẹlẹ́ṣin àti regbẹ́regbẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò ní tán. “Ó” kan ṣoṣo là ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, nítorí náà àwọn ọmọ á máa pe bàbá àgbà ní “she”. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí eré máa lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́n wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ má ṣe fòfin de Yorùbá nínú ilé nítorí eré yìí. Ọmọ tó mọ ohun tó fẹ́ sọ ló ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́.

Ìró tí kò sí lẹ́nu wa

Yorùbá kò ní v àti z. Kí ọmọ fi ìka kan ọ̀fun, kó pe “sss”, lẹ́yìn náà “zzz”: ọ̀fun á gbọ̀n ní ti z, kò ní gbọ̀n ní ti s. Bẹ́ẹ̀ náà ni f àti v. Ẹ ya fáànù àti mọ́tò akérò sórí páálí. Kí ẹnì kan pe “fan” tàbí “van”, kí ẹnì kejì nàka sí èyí tó gbọ́. Bí kò bá dá yín lójú, BBC Learning English ní ètò kan, 6 Minute English, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré, ọ̀fẹ́ ni. Ó dára fún àwọn tó ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ gbà á sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n máa gbọ́ ọ láì jẹ dátà mọ́.

Scrabble tí a fọwọ́ ara wa ṣe

Ní 2015, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, gba ife àgbáyé Scrabble, eré títo lẹ́tà di ọ̀rọ̀, ní Perth, Australia. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ẹ kò nílò èyí tí wọ́n ń tà. Ẹ gé páálí sí ègé 100: E 12, A àti I, 9 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, O 8, N, R àti T, 6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, D, L, S àti U, 4, G 3, B, C, F, H, M, P, V, W àti Y, 2, J, K, Q, X àti Z, ẹyọ kan, kí méjì tó kù ṣófo, ẹni tó bá mú un lè pè é ní lẹ́tà tó bá wù ú. Oníkálukú á mú 7. Fún àwọn kékeré, ẹ gbàgbé máàkì, kí wọ́n ṣáà máa to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹni tó to ọ̀rọ̀ sì fi í sọ gbólóhùn kan kó tó kan ẹlòmíràn. Ẹ kó àwọn páálí náà sínú agolo mílíìkì olómọrí lẹ́yìn eré; adìẹ máa ń ṣa wọ́n.