Bí ẹ ṣe lè tọpa Micra kan nínú fídíò Mọ́kọ́lá láìsọ ọ́ nù

Ẹ fi opencv-contrib-python, àkójọ irinṣẹ́ Python fún iṣẹ́ àwòrán àti fídíò, sórí kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ ni KCF àti CSRT wà, tracker méjì tó ń tọpa nǹkan nínú fídíò. KCF yára, ṣùgbọ́n àpótí tó ń fà yí ọkọ̀ ká kì í tóbi, kì í kéré: bí Micra bá ti sún mọ́ kámẹ́rà, ilẹ̀kùn nìkan ni yóò máa wò. CSRT lọ́ra jù ú lọ, àmọ́ àpótí tirẹ̀ máa ń tóbi, ó sì máa ń kéré bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe, nítorí náà òun ni kí ẹ mú.

Ẹ dá fídíò dúró níbi tí ọkọ̀ ti hàn kedere, kí ẹ fa àpótí yí i ká pẹ́kípẹ́kí. Bí títì bá wọ inú rẹ̀ púpọ̀, títì ni CSRT yóò kọ́ dípò ọkọ̀.

Ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá bo Micra lójú ni wàhálà gan-an dé. CSRT kò tètè mọ̀ pé nǹkan ti sọnù. Àwọ̀ bọ́ọ̀sì ni yóò máa kọ́, yóò sì bá a lọ sí Sábó. Nítorí náà, ẹ tọ́jú àwòrán ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo fírémù 10 (fírémù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan nínú fídíò), ẹ sọ ohun tó wà nínú àpótí di ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àwòrán yẹn, kí ẹ fi matchTemplate (TM_CCOEFF_NORMED), iṣẹ́ OpenCV tó ń fi nọ́ńbà sọ bí àwòrán méjì ṣe jọra tó, wé wọn. Bí èsì bá wálẹ̀ ju 0.5 lọ, ẹ dá update, àṣẹ tó ń mú kí tracker tẹ̀ lé ọkọ̀ nínú fírémù tuntun, dúró, kí ẹ wá ọkọ̀ náà nítòsí ibi tó ti pòórá. Ẹ má wá a káàkiri o, Micra pọ̀ n'Íbàdàn! Bí ẹ bá rí i, ẹ ṣẹ̀dá tracker tuntun. Èyí àtijọ́ ti bàjẹ́.