Bí wọ́n bá fipá bá èèyàn lò pọ̀ l'Ékòó: ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ lọ, ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fọ̀, àti ẹni tí yóò gbà yín sílẹ̀

Ilé ìwòsàn ló ṣáájú. Àgọ́ ọlọ́pàá ń bọ̀ lẹ́yìn, ilé pásítọ̀ tàbí ààfáà náà ń bọ̀ lẹ́yìn, ìpàdé ẹbí ló kẹ́yìn pátápátá. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kì í dúró de ìpàdé: láàárín wákàtí 72 ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó, lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń pa á tì kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan torí pé ó ń rìn wọ́n bí èébì. Ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má kàn dá a dúró fúnra yín. Oògùn tí kò ní jẹ́ kí oyún dúró ṣì wúlò títí di wákàtí 120, àmọ́ ti ọjọ́ kìíní dára ju ti ọjọ́ karùn-ún lọ. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, kí ẹ sì padà lọ ṣe àyẹ̀wò HIV lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 àti lẹ́yìn oṣù 3.

Níbo? Mirabel Centre, ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, wà nínú ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba Èkó n'Íkẹjà, láti ọdún 2013. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú ibẹ̀. WARIF, tí òun náà ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀, wà ní Yábàá. Àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí, DSVA, ní nọ́ńbà tí kì í jẹ owó: 08000 333 333. Bí ewu bá ṣì wà nítòsí, ẹ pe 112 tàbí 767. Bí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan bá ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá, ẹ má padà sílé. Ẹ pe DSVA níbẹ̀, lójú ẹni náà. Ọkùnrin àti ọmọkùnrin náà ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú kan náà, bí ojú tilẹ̀ ń tì wọ́n láti sọ ọ́.

Ẹ má wẹ̀. A mọ̀ pé omi ni ara kọ́kọ́ ń béèrè, ṣùgbọ́n ara àti aṣọ ni ẹ̀rí wà. Bí ẹ bá ti bọ́ aṣọ, ẹ di pátá lọ́tọ̀, ẹ di ṣẹ́ẹ̀tì tàbí búláòsì lọ́tọ̀, nínú báàgì pépà tàbí ìwé tó mọ́. Ẹ má fi sínú ọ̀rá láéláé. Ọ̀rá kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ. Aṣọ náà á bu, ẹ̀rí á sì bàjẹ́. Ẹ mú aṣọ mìíràn dání, torí wọ́n lè gba èyí tó wà lára yín. Bí ẹ bá fura pé wọ́n fi nǹkan sínú ohun mímu yín, ẹ gbe ìtọ̀ àkọ́kọ́ sínú ike tó mọ́ tó ní ìdérí, torí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kúrò lára. Bí ẹ bá sì ti wẹ̀, ẹ ṣì lọ: ojú ọgbẹ́ kò bá omi lọ.

Fóònù náà lẹ́rìí nínú. Inú lè bí yín débi pé ẹ fẹ́ pa gbogbo WhatsApp ẹni náà rẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. "Jọ̀ọ́, dárí jì mí, èṣù ló ṣe é" tó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì lè wúlò gan-an ní kóòtù. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn.

Ẹ má dá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ sọ fún DSVA tàbí àwọn tó tọ́jú yín pé kí wọ́n bá yín wá ẹni tí yóò bá yín lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ obìnrin ni yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹjọ́ ti sábà máa ń wọ́ ni sítétímẹ́ǹtì. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá bí ìyẹn bá rọrùn fún yín, kí wọ́n kà á padà sí etí yín, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ohun tí ẹ kò bá rántí, ẹ ní ẹ kò rántí. Ẹ má ṣe méfò aago, nítorí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ á fi aago méjì tí kò bára mu pe gbogbo ọ̀rọ̀ yín ní irọ́. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ọlọ́pàá tó mú ẹjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀.

Ìjọba ló ń pe ẹjọ́ yìí. Agbẹjọ́rò ìjọba ni yóò rò ó, ẹlẹ́rìí ni yín, nítorí náà ẹ kò ní gba lọ́yà fúnra yín. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin Èkó là sílẹ̀ fún ìfipábánilòpọ̀. Bí ọmọ kò bá tíì pé 18, "òun náà gbà" kì í ṣe àwíjàre. Abala 234 òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò sì gba agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ láyè láti máa bi yín ní ìbéèrè nípa àwọn mìíràn tí ẹ ti bá lò pọ̀ rí, àfi bí adájọ́ bá yọ̀ǹda.

Ẹ̀yin ẹbí, ọwọ́ yín ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ń kú sí. "Ọ̀rọ̀ ilé ni," "ẹ má jẹ́ kí orúkọ wa bàjẹ́," lẹ́yìn náà ni owó á dé. Gbígba owó láti fi bo irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí mọ́lẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀ lábẹ́ òfin. Bí ẹlẹ́rìí bá sì dẹ́kun wíwá sí kóòtù, ó ṣòro kí ẹjọ́ náà tó lè dúró. Bí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà tàbí kó kúrò ládùúgbò, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò ìjọba mọ̀.

Ó kan ọkàn. Ọ̀pọ̀ ni ara wọn le gbagidi lọ́jọ́ náà, tí wọn kò lè pariwo, tí wọn kò lè jà. Ẹ̀rù ló ń ṣe ara bẹ́ẹ̀; kò túmọ̀ sí pé wọ́n gbà. Àìsùn, jìnnìjìnnì, ìrántí tó já síra, gbogbo rẹ̀ máa ń wáyé. Ọ̀rọ̀ tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ kò gùn: "Mo gbà ọ́ gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Ẹ má bi í pé kí ló lọ ṣe níbẹ̀. Ọmọdé ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí bàbá, ìyá, olùkọ́ àti aládùúgbò máa bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà gbọ́ ọ. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí wọ́n mú un jáde síwájú ìjọ láti sọ ọ̀rọ̀ náà láìṣe pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni ìgbaninímọ̀ràn ní Mirabel, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í sì í tó. Bó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá, tàbí Aro l'Ábẹ́òkúta bí ibẹ̀ bá sún mọ́ yín jù.

Bó bá ti pé ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá, ẹ ṣì lè pe nọ́ńbà DSVA. Ẹ̀rí ara á ti lọ, àmọ́ òfin kò fi gbèdéke sí ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀, àwọn agbaninímọ̀ràn náà sì máa ń gba ẹni tí kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.