Bẹ́ ẹ ṣe máa ra aago ọwọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì tà á, láìkó sọ́wọ́ àwọn gbájúẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn aago ọwọ́ bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Jiji, Facebook Marketplace, Instagram, státọ́ọ̀sì WhatsApp, ibẹ̀ ni ọjà aago wà báyìí, Seiko tòkunbọ̀ wà níbẹ̀, Casio wà, Tissot wà, àwọn tó ń pariwo Rolex náà ò lóǹkà. Ojúlówó wà níbẹ̀ o, àwọn tó ń ṣòwò òótọ́ náà wà, mi ò ní kẹ́ ẹ má rà. Àmọ́ inú máa ń bí mi gan-an tí mo bá gbọ́ pé ọmọ kan kó owó oṣù ẹ̀ sílẹ̀ fún aago tí ò ní fojú rí láyé, bẹ́ẹ̀ àwọn nǹkan tó yẹ kó wò ò le rárá, kò sẹ́ni tó sọ fún un ni.

Ẹni tó ń tà á ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, aago ló tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ àwọn oníjìbìtì yìí ò ní aago kankan lọ́wọ́, fọ́tò ni wọ́n ní, wọ́n lọ jí i lórí eBay tàbí lójú ìwé ẹlòmíì. Ẹ ju fọ́tò yẹn sínú Google Lens, tó máa ń wá ibi tí fọ́tò bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá rí i pé fọ́tò kan náà, lórí tábìlì kan náà, ti wà níbòmíì tipẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ẹ má bá a jà, ẹ kàn kúrò níbẹ̀. Tẹ́ ò bá rí nǹkan kan, ẹ ní kó kọ orúkọ yín àti déètì òní sí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago náà, kó yà á wá. Lẹ́yìn ìyẹn kó ṣe fídíò, kó fi ojú aago hàn, kó yí i padà kẹ́ ẹ rí ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ rí bí ọwọ́ tó ń ka sẹ́kọ́ńdù ṣe ń rìn. Ẹni tó ní aago lọ́wọ́ á ṣe é kíákíá. Ẹni tí ò ní ló máa sọ pé kámẹ́rà òun ti bàjẹ́, aago wà lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Abuja, ṣé ẹ ò fọkàn tán òun ni.

Ìkánjú náà máa ń tú wọn fó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ti fẹ́ sanwó báyìí o, ẹ tètè fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ kí n bá yín mú un." Ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀. Jiji fúnra wọn ń kìlọ̀ fáwọn oníbàárà pé kí wọ́n má sanwó ṣáájú, kódà kó jẹ́ owó tí wọ́n fẹ́ fi gbé ọjà wá. Ẹ tún wo orúkọ tó wà lórí akáǹtì tó fún yín, tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù bá yàtọ̀, tí orúkọ òun fúnra ẹ̀ yàtọ̀, tí akáǹtì tún wá jẹ́ ti ẹlòmíì tí kò lè ṣàlàyé, ẹ dáwọ́ dúró.

Tó bá wá kan aago fúnra ẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Casio F-91W, aago rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ yẹn, tó ti wà látọdún 1989, tí ayédèrú ẹ̀ sì kún ìgboro. Ẹ tẹ bọ́tìnì apá ọ̀tún mọ́lẹ̀ fún bíi sẹ́kọ́ńdù mẹ́ta, ojúlówó á kọ CASIo jáde lójú ẹ̀. Tí ò bá kọ ọ́, ẹ dá a padà fún un. Tó bá kọ ọ́, ẹ ṣì wo ìyókù dáadáa, torí àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà ń kọ́ ọgbọ́n kún ọgbọ́n.

Seiko 5 ni mo fẹ́ràn jù, màá pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́fà tó tò tẹ̀léra. Èyí àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú ọdún tí wọ́n ṣe é, èkejì ni oṣù, 1 ni January, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 9 tó jẹ́ September, òdo ni October, N ni November, D ni December. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 84, oṣù April ni, lọ́dún tó parí sí 8, ó lè jẹ́ 1998, ó lè jẹ́ 2008 tàbí 2018. Kóòdù kan tún wà níbẹ̀ tó ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ẹ̀, bíi 7S26 tàbí 4R36, ibẹ̀ gan-an ni irọ́ ti máa ń já. 7S26 ò tíì sí láyé ṣáájú ọdún 1996, torí náà ẹni tó bá ń ta 7S26 tó ní bàbá òun ló rà á ní 1985, ẹ ti mọ irú ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fa orí tí wọ́n fi ń yí aago jáde pátápátá, ọwọ́ sẹ́kọ́ńdù 4R36 máa dúró, ti 7S26 ò ní dúró. Seiko 5 Sports tí wọ́n tún gbé jáde lọ́dún 2019, 4R36 ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, torí náà tó bá ní tuntun ni, tí ọwọ́ ẹ̀ wá ń rìn lọ láìdúró lẹ́yìn tẹ́ ẹ fa orí ẹ̀ jáde, ẹ bi í léèrè. Àwọn Seiko 5 àtijọ́ tí wọ́n tún kùn lójú náà wà, púpọ̀ nínú wọn ń wá láti India. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lè jẹ́ ti Seiko lóòótọ́, àmọ́ àwọ̀ ojú ẹ̀ ti di èyí tí Seiko ò ṣe rí, lẹ́tà ẹ̀ wọ́, ọwọ́ ẹ̀ wá látara aago mìíì. Tó bá wù yín, ẹ rà á jàre, ẹ má kàn san owó ojúlówó lé e ni.

Rolex ńkọ́? Wọ́n máa ń sọ pé tí ọwọ́ sẹ́kọ́ńdù bá ti ń yọ́ rìn, Rolex gidi ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ọwọ́ sẹ́kọ́ńdù ọ̀pọ̀ Rolex òde òní máa ń sún nígbà mẹ́jọ láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, àmọ́ ayédèrú tó dáa náà ń yọ́ rìn. Páálí àti káàdì ò sì tó ẹ̀rí, wọ́n ń ta ayédèrú tìyẹn náà. Irú aago báyìí, àfi kẹ́ni tó mọ iṣẹ́ aago dáadáa ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ níwájú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ pàdé, níbi térò wà, inú báńkì tàbí ibi bíi Ikeja City Mall, kẹ́ ẹ sì mú ẹnì kan dání. Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa gbé e wá bá yín ni, ẹ tú u wò kẹ́ ẹ tó sanwó, tí ẹni tó gbé e wá bá ní ẹ ò gbọ́dọ̀ tú u, kó máa gbé e lọ. Ẹ má tẹ líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín pé àwọn kan máa bá yín di owó mú. Ẹ̀yin tó wà ní London tàbí Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi PayPal san, ẹ má lo friends and family, ìyẹn èyí tó wà fún fífowó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti mọ̀lẹ́bí, fún àjèjì, kò sí ààbò oníbàárà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń tà, fake alert ni ọ̀tá yín. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó jọ ti báńkì, rìsíìtì náà, wọ́n ní ápù tó ń ṣe é. Ẹ má wo mẹ́sẹ́ẹ̀jì, ẹ má wo fóònù ẹni tó ń rajà, ẹ ṣí ápù báńkì yín fúnra yín, kẹ́ ẹ rí i pé owó tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lé sí i. Tó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, á wọlé láìpẹ́, kó jókòó tì yín títí tó fi máa wọlé, aago ò kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ rí i pé orúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ bá ti ẹni tó wà níwájú yín mu, torí tó bá jẹ́ owó tí wọ́n jí lákáǹtì ẹlòmíì ni, akáǹtì tiyín ni báńkì máa tì. Tó bá ní òun ṣèèṣì fi owó tó pọ̀ jù ránṣẹ́, kẹ́ ẹ dá ìyókù padà síbòmíì, ẹ má dá nǹkan kan padà fúnra yín, ẹ ní kó gba ọ̀dọ̀ báńkì lọ. Nọ́ńbà akáǹtì nìkan lẹni tó fẹ́ sanwó nílò, tó bá béèrè nọ́ńbà ATM tàbí OTP, olè ni. Ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀yìn aago pa mọ́, torí àwọn kan máa ń dá aago mìíì padà pé èyí tẹ́ ẹ tà fáwọn nìyẹn.

Tó bá ti wá ṣẹlẹ̀, ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dọjọ́ kejì, kí wọ́n bá báńkì tówó lọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, National Cybercrime Centre wọn wà fún irú ẹ̀. Àwọn kan tún máa wá bá yín pé àwọn lè gba owó yín padà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ san nǹkan fáwọn, ẹgbẹ́ àwọn tó gbà á lákọ̀ọ́kọ́ ni wọ́n, ẹ blọ́ọ̀kù wọn.