Bí mo ṣe ya "login" sọ́tọ̀ kúrò lára "log in" nínú ìwé ìtọ́sọ́nà kan

Ìwé ìtọ́sọ́nà pọ́tàlì ilé-ìwé kan ni wọ́n gbé fún mi láti tún Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ṣe, ojú-ìwé 38, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára bọ́tìnnì pọ́tàlì náà. Àṣìṣe tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe ti sípẹ́lì, ti àlàfo ni. "Please login to view your result." "Your log in details are wrong." "The system will backup your files every night." Kọ̀ǹpútà kì í fi ìlà pupa sábẹ́ irú ìwọ̀nyí, torí pé "login" wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, "log" wà níbẹ̀, "in" náà wà níbẹ̀. Ojú àti òye ni a fi ń mú wọn.

Ìlànà náà nìyí: tó bá jẹ́ ìṣe, ọ̀rọ̀ méjì ni (log in); tó bá jẹ́ orúkọ, ọ̀rọ̀ kan ni (login). Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. A lè ki nǹkan bọ àárín "yí padà": ó yí ìpinnu rẹ̀ padà, ó yí i padà. Tí a bá sọ ọ́ di orúkọ, ó di "ìyípadà", ohunkóhun kò sì lè wọ àárín rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ba nǹkan jẹ́" àti "ìbàjẹ́", "tú wọn ká" àti "ìtúká". Àwa ní "ì" tí a fi síwájú, òun ló ń sọ fún olùkàwé pé orúkọ ló dé. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ fún "backup" tàbí "setup". Bí wọ́n ṣe lẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì mọ́ra nìkan ni àmì tó wà, ìdí nìyẹn tí àlàfo kan ṣoṣo fi níye lórí tó bẹ́ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ to àwọn ọ̀rọ̀ tí mo máa wá sílẹ̀: login, logout, setup, backup, checkout, shutdown, printout, handout, carryover, dropout, breakdown, turnout. Lẹ́yìn náà ni mo ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe pé mo ń ka ojú-ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí èèyàn bá ń kà lọ bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ ni ọkàn á gbájú mọ́, àlàfo á sì bọ́ mọ́ ọn lójú.

Ìdánwò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ti "s" àti "ed". Ẹ sọ gbólóhùn náà di ti àná: "Yesterday the system backed up your files." "Ed" lẹ̀ mọ́ "back", kò lọ sí ìparí. Ìṣe ni, ọ̀rọ̀ méjì ni. Kò sẹ́ni tó ń sọ "backuped". Tó bá jẹ́ orúkọ ni, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: "We keep two backups." "S" bọ́ sí ìdí, ọ̀rọ̀ kan ni. Ẹ fi "she backs up" wé "two backups", ẹ ó rí i pé ibi tí "s" jókòó sí ti parí ẹjọ́ náà.

Ìdánwò kejì ni kí ẹ ki "it" bọ àárín: "set it up", "back it up", "print it out". Tó bá wọlé, ìṣe ni. Kódà ọ̀ranyàn ni kí "it" wà láàárín, "set up it" kò dára, bí a kò ṣe ń sọ pé "ó yí padà i". Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí kò bá gbogbo wọn mu. "The bus broke down" àti "he dropped out" kò gba nǹkan kan sáàárín, síbẹ̀ ìṣe ni wọ́n. Níbẹ̀, mo máa ń padà sí "ed" àti irú rẹ̀.

Ohùn ẹnu náà ń tọ́ka. Nínú orúkọ, apá àkọ́kọ́ ni ẹnu ti ń wúwo: BACKup, PRINTout. Nínú ìṣe, apá kejì ló ń gbà á: back UP, print OUT. N kì í fi èyí nìkan dájọ́, torí ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà ló ń pe méjèèjì bákan náà.

Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú wúlò púpọ̀ fún wíwá nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn "a", "the", "your", "this", orúkọ ló sábà máa ń wà: your login, the setup. Lẹ́yìn "please", "will", "can", "must", ìṣe ni: please log in, you must set up. Nínú LibreOffice Writer, ètò tí mo fi ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà, mo ṣí Find and Replace, mo fi àmì sí Regular expressions, èyí tó ń jẹ́ kí a lè fi àmì wá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì kọ èyí sínú àpótí Find:

\b(to|please|can|cannot|will|must|not) (login|logout|setup|backup|checkout)\b

Àmì | níbẹ̀ túmọ̀ sí "tàbí", \b sì ni etí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo wá òdìkejì rẹ̀: "your log in", "a set up", "the check out". Find Next ni mo ń tẹ̀, mo ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó yí i. Ẹ má fọwọ́ kan Replace All. "To" ni ọ̀dàlẹ̀ inú wọn. Nínú "to login", ìṣe ló máa ń jẹ́, àmọ́ nínú "return to login page" tàbí "proceed to checkout", orúkọ ni, ó sì tọ́ bó ṣe wà. Ewu kejì ni àdírẹ́sì: ìwé náà kún fún líǹkì tó parí sí /login. Tí àlàfo bá wọ ibẹ̀, líǹkì náà kò ní ṣí mọ́. Orúkọ tí àwọn tó kọ pọ́tàlì sọ àwọn nǹkan inú kóòdù náà, bí login_button, kì í ṣe ti wa láti tún ṣe.

Ó jọ pé ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà ti ń ràn. Àṣẹ kọ̀ǹpútà kì í gba àlàfo sínú orúkọ rẹ̀. "Login" ti wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà àkọ́kọ́ ti Unix, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní 1971, bẹ́ẹ̀ ni "logout" àti "shutdown" ṣe di àṣẹ tí wọ́n ń kọ ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Ara bọ́tìnnì ni mo ti lọ́ra jù. Bọ́tìnnì ń pàṣẹ, nítorí náà "Log in" àti "Log out". Àkọlé ojú-ewé jẹ́ orúkọ, "Login" lè dúró níbẹ̀. Mo yọ "Sign in" kúrò pátápátá, torí pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Sign up", akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú kò ní rí ìyàtọ̀ wọn. Mo sì kọ "log in to your account", n kò kọ "into", torí pé "in" ti jẹ́ ti "log". Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ "log into", n kò pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ nínú ìwé kan ṣoṣo, ẹ mú ọ̀kan.

Àmì ìsopọ̀, ìlà kékeré inú "check-in", ni kò ní òfin kan pàtó. Àwọn ará Britain ń lò ó ju àwọn ará Amẹ́ríkà lọ: take-off níbẹ̀, takeoff lọ́hùn-ún. Ẹ yan ìwé atúmọ̀ èdè kan, kí ẹ máa tẹ̀ lé e. "Runner-up" àti "passer-by" yàtọ̀ sí ìyókù, àárín ni "s" wọn ń wà: runners-up, passers-by.

Àwọn kan wà tí n kò gbọdọ̀ là. "Upload", "download", "update", "upgrade" jẹ́ ìṣe, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n. "Uploaded": "ed" wà ní ìdí. Ẹnìkan ti kọ "up load" sí ojú-ìwé mẹ́ta, mo so ó pọ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó yí orí padà: "outlook" kì í ṣe "lookout", "outlay" kì í ṣe "layout".

"Everyday" kì í ṣe ọmọ ìdílé yìí, ṣùgbọ́n àlàfo ló dà á rú náà. Ẹ ki "single" sáàárín: "every single day". Tó bá wọlé, méjì ni.

Nígbà tí mo rò pé mo ti parí, mo béèrè fún àwọn ímeèlì tí pọ́tàlì ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, torí wọn kò sí nínú ìwé náà. Mẹ́rin ni, "Click here to login" sì wà nínú gbogbo wọn.