Bẹ́ ẹ ṣe lè gba ẹsẹ Ifá sílẹ̀ fún ẹni tó máa wá a ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ babaláwo, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ yìí kánjú. Ọ̀rúnmìlà ni Ẹlẹ́rìí Ìpín, odù 256 (orí ìwé Ifá tí àwọn ẹsẹ wà lábẹ́ wọn) ló wà, inú wọn sì ni ohun táwọn baba wa mọ̀ nípa kádàrá ọmọ aráyé wà. Olùwádìí tó bá ń wá a lọ́jọ́ iwájú ò ní rí baba kankan bi mọ́, ohun tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ nìkan ló máa bá.

Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ẹ bi baba pé èwo ló ṣeé gbà, èwo ni tawo, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ pa fóònù, ẹ pa á.

Tẹ́ ẹ bá ti tan fóònù, ẹ fẹnu sọ ọjọ́, ìlú, orúkọ baba tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti kọ́fá, torí orúkọ fáìlì lè yí padà tí wọ́n bá ti ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmọ́ ohun tó wà nínú ohùn ò lè já kúrò lára ẹ̀.

Ibi tó gba sùúrù jù ni fọ́tò ọpọ́n. Ṣé ẹ mọ̀ pé tí ikin (èkùrọ́ tí wọ́n fi ń dífá) kan bá ṣẹ́ kù sọ́wọ́, ìlà méjì ni baba máa tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn (ìyẹ̀fun orí ọpọ́n), tó bá jẹ́ méjì ló kù, ìlà kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló sì ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá wá dúró sí ọ̀dọ̀ ẹni tó wá dífá tẹ́ ẹ ya fọ́tò, ọ̀tún á di òsì, Ogbè Ọ̀yẹ̀kú á sì di Ọ̀yẹ̀kú Ogbè lójú ẹni tí ò sí níbẹ̀! Ẹ̀yìn baba ni kẹ́ ẹ ti yà á, kí ojú Èṣù tí wọ́n gbẹ́ sára ọpọ́n hàn lókè, ìyẹn ló máa jẹ́ kí olùwádìí mọ ibi tí baba jókòó sí.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ jáde, ẹ fi àmì sí i, ẹ lo Unicode (ìlànà tó ń jẹ́ kí àmì hàn bákan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ), kì í ṣe àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ tó máa ń dà rúdurùdu lórí kọ̀ǹpútà míì. Orúkọ awo, ẹni tí wọ́n dífá fún, ẹbọ, bóyá ó rú u, ohun tó gbẹ̀yìn ẹ̀, àti orin, ẹ má yọ ọ̀kankan. Tí baba bá fi Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú sọ ọ́, ẹ má tún un ṣe rárá.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ wá kù. Ní 1986, BBC kó àwòrán àtàkọsílẹ̀ àwọn ará Bìrìtìkó sórí díìsìkì láti fi sààmì 900 ọdún ìwé Domesday ti 1086 (ìwé tí wọ́n kọ ilẹ̀ àti dúkìá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí), kò tó 20 ọdún tí ẹ̀rọ tó lè ka díìsìkì náà fi di ọ̀wọ́n, àmọ́ ìwé 1086 ṣì wà ní Kew, nílé àkójọ ìwé ìjọba ní London, ó sì ṣeé kà. Torí náà ẹ fi ohùn sí WAV (irú fáìlì tí kì í gé ohùn kù), ẹ tẹ àkọsílẹ̀ sórí bébà tó dáa, ẹ fi ọ̀kan sílé, ọ̀kan sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí nílùú míì, ọ̀kan sí láíbìrì yunifásítì, kẹ́ ẹ sì gbé èyí tí baba bá yọ̀ǹda sórí archive.org, ìkànnì tó ń tọ́jú ìwé àti ohùn fún gbogbo ayé.

Odù kan níjókòó kan ti tó. Ẹ kọ ọ́ jáde lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ lè padà bi baba léèrè àwọn ọ̀rọ̀ tí ò yé yín.