Bí Ẹgbẹ́ Òṣèré Àdúgbò Ṣe Lè Fi Ohun Tí Àwọn Ọmọ Ìgboro Kọ Ṣe Eré Olórin

Ẹgbẹ́ òṣèré àdúgbò tí ó bá fẹ́ fi ohun tí àwọn ọmọ àárín ìgboro kọ ṣe eré olórin ní láti kọ́kọ́ pinnu bóyá eré tí ó ti wà nílẹ̀ ni yóò ṣe, tàbí yóò gbé tuntun kalẹ̀. Ọ̀kan tí ó lókìkí nínú èyí tí ó ti wà nílẹ̀ ni The Me Nobody Knows, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní gbọ̀ngàn Orpheum ní New York ní oṣù Karùn-ún ọdún 1970, tí ó sì bọ́ sí Broadway, àwọn gbọ̀ngàn eré ńláńlá ìlú náà, ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Inú ìwé tí olùkọ́ kan, Stephen M. Joseph, kó jọ ni wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti ọdún 7 sí 18 kọ. Gary William Friedman ni ó ṣe orin rẹ̀. Òṣèré méjìlá péré ni ó ń ṣe é, kò sì sí ìtàn kan tí ó so ó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá mú irú eré bẹ́ẹ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà níkàáwọ́ wọn kí ẹ tó yan òṣèré kankan, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ àdúgbò tiyín ni ẹ fẹ́ gbé sórí ìtàgé, iṣẹ́ náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdíje àròkọ. Ọmọ tí ó bá ń du ẹ̀bùn yóò kọ ohun tí ó rò pé àwọn àgbà fẹ́ gbọ́, àwa àgbà náà yóò sì pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Ohun tí ó dára ni kí ẹ rí yàrá kan tí ó dákẹ́, kí ẹ máa pàdé àwọn ọmọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè kéékèèké tí kò mú ìwàásù dání. Bí ẹ bá ní kí ọmọ kọ nípa ìṣẹ́ tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀, ẹ óò rí àkọtúnkọ ohun tí ó gbọ́ nínú ìròyìn. Bí ẹ bá bi í pé kí ni ó máa ń gbọ́ bí oorun bá dá lójú rẹ̀ lóru, tàbí pé ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ilé wọn máa ń wà, ẹ óò rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ yàtọ̀ sí òun. Ẹ má fi bírò pupa kan ìwé wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà sórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ àwọn ọmọ wà nínú ìwé mìíràn tí ẹni kan ṣoṣo ń tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ kò ṣeé fojú fò. Ẹni tí ó kọ ìwé ni ó ni í, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, nítorí náà, ẹ gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì gba ti ọmọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé ìyọ̀ǹda náà gbọ́dọ̀ sọ bóyá ẹ lè fi ọ̀rọ̀ ọmọ náà kọrin, bóyá ẹ lè gé e kúrú, bóyá fídíò rẹ̀ yóò dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá orúkọ ọmọ yóò hàn, ọjọ́ tí ó lè yí ọkàn padà mọ, àti ibi tí owó tíkẹ́ẹ̀tì yóò lọ. Bí ìwé kan bá fi hàn pé wọ́n ń ṣe ọmọ kan níbi, ìwé náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tí ẹ ti yàn fún ààbò àwọn ọmọ ni ó gbọ́dọ̀ gbà á lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí òfin fún ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ yan ẹni náà kí ọmọ kankan tó mú bírò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bá ń sọ ìwé di orin. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan tí mo hun fúnra mi ṣàlàyé. Ká ní ọmọ kan kọ ọ́ pé: “Mo mọ ẹsẹ̀ màmá mi lórí àtẹ̀gùn. Mo máa ń kà á. Tí ó bá ti di mọ́kàndínlógún, kọ́kọ́rọ́ á dún.” Akọ̀wé orin tí kò ní sùúrù yóò ka èyí, omi yóò lé ròrò sí i lójú, yóò sì lọ kọ orin pé ìyá ni wúrà. Ó ti sọ nǹkan náà nù. Ọmọ náà kò sọ pé òun fẹ́ràn ìyá òun. Ó sọ pé òun mọ iye àtẹ̀gùn, a sì mọ èyí tó kù. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ lásán láìsí orin, kí àwọn elégbè bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye láti orí ení, ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ìlù máa bá wọn gbẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ lórí mọ́kàndínlógún. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ dún kíákíá. Ẹ jẹ́ kí àwọn òǹwòran náà dúró dè é.

Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni ẹ fi ń kọrin, tàbí èdè mìíràn tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ padà nínú rẹ̀, orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, bí orin bá wálẹ̀ lórí ìgbẹ̀yìn “mọ́kàndínlógún”, ogún ti di ogun nìyẹn, ọmọ tí ń ka àtẹ̀gùn yóò sì bá ara rẹ̀ lójú ìjà. Kí olórin tó fọwọ́ kan dùùrù, kí ó ní kí ọmọ náà ka ìwé rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí ọmọ ti mí ni ìlà orin ti parí.

Kì í ṣe gbogbo ìwé ni a ń kọ lórin. Òṣùwọ̀n tèmi ni pé ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ yẹ fún orin, nítorí orin lè tún un sọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹ fún ẹnu lásán. Àṣìṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ kọ, ẹ fi sílẹ̀ bí ó bá ní ìtumọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí òṣèré fi pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Ní ti títò rẹ̀, ẹ má wá ìtàn tipátipá. Ẹ lè tò wọ́n láti òwúrọ̀ di òru, kí ẹ sì rí i pé ìwé tí ó ń pani lẹ́rìn-ín kò jìnnà sí èyí tí ó wúwo, nítorí ìwé mẹ́rin tí ó bani nínú jẹ́ tẹ̀ léra wọn yóò sọ òǹwòran di òkúta.

Àwọn òṣèré lè jẹ́ ọmọdé, àgbà díẹ̀ sì lè wà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ó dára kí ọmọ tí ó kọ ìwé má jẹ́ ẹni tí yóò ṣe é, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè fún un. Ó rọrùn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni lẹ́nu ẹlòmíràn ju kí a dúró nínú iná ìtàgé kí a máa sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti ìdánrawò tó, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí méjì-méjì, kí àgbà tí ó wà níbẹ̀ má dín ní méjì nígbà kankan. Ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ bá ń yí padà láàárín ìdánrawò, ẹ má fipá mú un gun orin tí ó ti ń kọ tẹ́lẹ̀; ẹ rẹ orin náà sílẹ̀, tàbí kí ẹ fún un ní ìwé tí a ń sọ lẹ́nu. Dùùrù, gìtá, ìlù àti ẹnì kan tí ń ta gìtá básì ti tó. Bí ìlù bá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ìlù ni kí ẹ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ọmọ ni kí ẹ ní kí ó pariwo.

Ìtàgé kò gba wàhálà: àpótí bí mẹ́fà tí ó lè di àga, àtẹ̀gùn àti orí òrùlé, pẹ̀lú iná tí ó mọ́lẹ̀ tó láti rí ojú ọmọ. Ẹ má ya ògiri tó ti wó sára aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé, ẹ má sì wọ aṣọ àkísà fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí olùdarí kan tí ó ní kí wọ́n fi eruku pa ojú àwọn ọmọ kí ìṣẹ́ lè hàn. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé ṣé ó rò pé kò sí omi nílé àwọn ni.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ eré, ẹ pe àwọn ọmọ tí ó kọ ìwé àti àwọn òbí wọn nìkan, kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ fún wọn láìsí aṣọ eré. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá ní kí ẹ yọ kúrò, ẹ yọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má bi í ní ìdí. Lọ́jọ́ eré, ẹ fún wọn ní ìjókòó ọ̀fẹ́ láàárín èrò níbi tí kámẹ́rà kò ti ní máa wò wọ́n. Lẹ́yìn alẹ́ ìkẹyìn, ẹ kó ojú ìwé wọ̀nyẹn jọ ní nọ́ńbà-ní-nọ́ńbà, kí ẹ sì dá ti oníkálukú padà fún un, èyí tí ẹ lò àti èyí tí ẹ kò lò.